Ta ní ń là á já nínú ìgbèkùn ogun?

Ìyá kan láti Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 23, ti wọ iṣẹ́ ológun ní Ìlú Ọba, ó ti pé oṣù méje báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo rí fídíò kan lórí fóònù, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n mú lójú ìjà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Mọ́kọ́lá wá sí Akóbọ̀, mo rò pé ilé tuntun ni kò jẹ́ kí n sùn, àfi ìgbà tí mo mọ̀ pé fídíò yẹn ni. Ọmọ mi kì í ṣe ẹni tó ki pọ́pọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí bíi bàbá rẹ̀. Aládùúgbò wa kan ní òfin kankan kò dáàbò bo ẹni tó bá ń bá orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn jagun, pé bí wọ́n bá mú un, pípa ni. Pásítọ̀ wa ní ohun tó ń yọ ènìyàn níbẹ̀ ni kó máa sọ lójoojúmọ́ pé ọ̀la ni òun ń lọ sílé. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ló ń mú kí àwọn kan padà wálé tí àwọn kan kò padà? Kí sì ni kí n sọ fún un?"

Ìyá wa, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ológun ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì wà ní Làìbéríà nígbà tí ogun ibẹ̀ ń jó. Kò sẹ́ni tó mú mi rí. Ṣùgbọ́n mo ti tọ́jú àwọn tí wọ́n mú tí wọ́n sì dá sílẹ̀, mo ti fi ṣíbí bu ògì sẹ́nu ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé ṣíbí mọ́, ọkùnrin tó jẹ́ pé oṣù mẹ́rin ṣáájú, òun ló ń gbé àpò ìrẹsì lé èjìká fún wa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá àkọsílẹ̀ àwọn tó ti wà ní ìgbèkùn ogun kà, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ìyàwó mi ní àìsàn ni. Ó ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín ni kí n kọ́kọ́ tú, nítorí òun ló rọrùn jù. Ó da nǹkan méjì pọ̀ ni. Òfin ogun mọ ẹni tí wọ́n fowó háyà wá jà, tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ọmọ ogun ibẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun lóòótọ́. Ọmọ yín kò sí lára wọn. Ìjọba Ìlú Ọba ló ń gba àwọn ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì sínú iṣẹ́ ológun rẹ̀. Ọmọ yín búra, ó gba nọ́ńbà, ó ń wọ aṣọ wọn, ọ̀gá wọn ló sì ń pàṣẹ fún un. Lójú Àdéhùn Geneva ti 1949, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe sí ẹni tí wọ́n bá mú lójú ogun, kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èyí tí wọ́n bí sí London. Àní ẹni tí wọ́n háyà náà, òfin kò fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni pa á láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi kí aládùúgbò yín.

Mo mọ ibi tí irú ìbẹ̀rù yìí ti ń wá bá wa. Lédè wa, bí wọ́n bá ní ogun kó ẹnì kan lọ, ẹrú ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. Ogun tó tú Òṣogùn ní 1821 ló kó Àjàyí, ọmọ tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún fi í pààrọ̀ tábà àti ọtí, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn. Nǹkan bí ọdún 25 kọjá kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò tíì kúrò lára wa. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n ogun kì í ṣe ẹrú, kì í sì í ṣe ọ̀daràn. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn dá a dúró kó má baà padà sójú ìjà ni, bí ìjà bá sì ti parí, dandan ni kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ohun mẹ́rin péré ló jẹ wọ́n ní gbèsè láti sọ: orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé tó dé àgọ́, ó yẹ kí wọ́n fún un ní káàdì tí yóò kọ ránṣẹ́ sílé, káàdì mìíràn yóò sì gba ọ̀dọ̀ Red Cross lọ sí Geneva, níbi tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ gbogbo wọn sí.

Fídíò tí ẹ rí yẹn gan-an, òfin lòdì sí i. Àdéhùn náà ní kí wọ́n má fi ẹlẹ́wọ̀n ogun ṣe ìran. Síbẹ̀ mo fẹ́ sọ ohun tí àwọn olófin kì í fẹ́ sọ jáde: fídíò bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní kan. Ẹni tí gbogbo ayé ti rí láàyè, ó ṣòro kí ẹni tó mú un wá sọ lọ́la pé òun kò rí i. Ní 1966, àwọn ará Vietnam gbé ọ̀gá ológun ojú omi Amẹ́ríkà kan, Jeremiah Denton, síwájú kámẹ́rà kó wá sọ pé wọ́n ń tọ́jú òun dáadáa. Bó ṣe ń dáhùn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹ́jú, ó ń fi ojú ṣíṣẹ́ kọ lẹ́tà Morse, àmì gígùn àti kúkúrú tí wọ́n fi ń ránṣẹ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé wọ́n ń dá àwọn lóró. Àwọn tó mú un kò mọ̀. Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà mọ̀.

Ó kù síbì kan nínú ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín tí mi ò lè fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Wákàtí tí wọ́n bá múni, òun ló léwu jù. Ẹni tó mú un ṣì ń gbọ̀n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìbọn rẹ̀ ṣì gbóná, kò sí ọ̀gá nítòsí. Ní oṣù Kẹfà 1940, nígbà tí Jámánì borí Faransé, wọ́n yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá àwọn aláwọ̀ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sí. Gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń jọba lé lórí nílẹ̀ wa ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ náà, Dàhòmì, ìyẹn Benin ti òní, wà lára rẹ̀. Léopold Senghor, tó di ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà lẹ́yìn náà, wà láàárín àwọn tí wọ́n mú. Wọ́n ní wọ́n ti tò wọ́n sára ògiri kí ọ̀gá ológun Faransé kan tó bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún yín pé àwọ̀ ara kò já mọ́ nǹkan kan. Ó ti pa ènìyàn rí. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ogun fún wákàtí yẹn kò pọ̀: kí ọwọ́ hàn gbangba, kí ó má ṣe yára mira, kí ó má tẹjú mọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó má sì yà kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Iṣẹ́ ológun Ìlú Ọba ń kọ́ wọn ní ìwà tí ènìyàn ń hù bí wọ́n bá mú un. Ẹ kò ní láti kọ́ ọ ní ìyẹn.

Bí wákàtí yẹn bá ti kọjá, ohun tó kù ń lọ díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ni ìbéèrè yín gan-an wà. Ìdáhùn àkọ́kọ́ kò dùn ún gbọ́: ohun tó ń sọ ẹni tí yóò là á já, ju ìgboyà lọ, ju àdúrà lọ, ni ẹni tó mú un. Nígbà ogun Hítílà, nínú 100 ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tó bọ́ sọ́wọ́ Jámánì àti Ítálì, nǹkan bí mẹ́rin ló kú. Àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ Japan, 27 nínú 100. Kí ẹ má sì rò pé Jámánì ló mọ àánú: nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.7 ọmọ ogun Rọ́ṣíà àti àwọn tó wà pẹ̀lú wọn tí Jámánì kan náà mú, ó tó mílíọ̀nù 3.3 tó kú, ebi àti òtútù ló pa èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n kò ka àwọn yẹn sí ènìyàn, ló jẹ́ kí wọ́n kó wọn sínú pápá gbalasa láìsí òrùlé. Ṣé àwọn ọmọ Rọ́ṣíà kò nígbàgbọ́ ni? Ṣé wọn kò lágbára ni? Nítorí náà, ẹ bá mi yọ ọ̀rọ̀ pé "ẹni tó kú kò gbìyànjú tó" kúrò lẹ́nu. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárín ohun tí ó kù fún ẹlẹ́wọ̀n láti ṣe fúnra rẹ̀, ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa, ohun tó ń pa ẹlẹ́wọ̀n ogun jù kì í ṣe ọta, kì í ṣe ẹgba. Omi ni, ìgbẹ́ ni, àti oúnjẹ tí kò pé. Ẹ wo ojú irin Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Láàárín 1942 àti oṣù Kẹwàá 1943, àwọn ará Japan fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun la ojú irin tó gùn tó kìlómítà 415 láti Tàílàǹdì wọ Bọ́mà, nínú igbó, nínú àpáta, nínú òjò. Nǹkan bí 60,000 ẹlẹ́wọ̀n ló ṣe é, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà, Hólàńdì àti ará Amẹ́ríkà díẹ̀, ó sì lé ní 12,000 tó kú. Lílù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí àwọn dókítà wọn kọ sílẹ̀, bí ìwé wọ́ọ̀dù lásán ló rí: onígbáméjì, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà, egbò, bẹ́ríbẹ́rì. Bẹ́ríbẹ́rì yẹn, ìrẹsì funfun ló ń fà á. Èèpo pupa tó wà lára ìrẹsì ni fítámì B1 wà. Bí ẹ̀rọ bá ti fá a dànù, tí kò sí ẹ̀wà tàbí ẹran tí wọn yóò fi jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ á wú, èémí á máa kúrú, ọkàn á dákẹ́ lójijì. Ẹni tó bá ń jẹ ọ̀fadà pẹ̀lú ẹ̀wà nílé kò ní gbọ́ orúkọ àrùn náà láéláé. Àwọn dókítà náà mọ̀, ni wọ́n fi ń wá èèpo ìrẹsì tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran, wọ́n ń pò ó fún àwọn ọmọ ogun mu. Kò dùn. Wọ́n mu ún.

Ní ti egbò, ọparun á ha ẹnì kan lójúgun láàárọ̀, kí oṣù tó parí egungun ti hàn. Kò sí oògùn. Wọ́n á pọ́n etí ṣíbí, wọ́n á fi ha ẹran tó ti jẹrà kúrò, ọkùnrin mẹ́rin á di ẹni náà mú. Bí onígbáméjì bá mú ẹnì kan, wọ́n á se omi, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ lára ọparun àti rọ́bà tí wọ́n yọ lára ohun èlò ìgbọ́-àyà dà á sínú iṣan rẹ̀. Mo ka èyí nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo dìde, mo lọ wo káńtà wa tí dírípù kún inú rẹ̀, ojú sì tì mí fún gbogbo ìgbà tí mo ti ráhùn. Dókítà ará Ọsirélíà kan, Edward Dunlop, ní kí àwọn ọ̀gá tó ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Japan máa dá nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ra ẹyin pẹ́pẹ́yẹ fún àwọn tó wà lórí àìsàn. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá náà bínú. Ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní gbogbo àgọ́ tó ní olórí gidi, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu omi tí wọn kò sè, wọ́n á ti abọ́ oúnjẹ bọ omi gbígbóná kí wọ́n tó bu oúnjẹ sí i, wọ́n á sì gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí ibi tí wọ́n ń sùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lórí ojú irin kan náà, ni àwọn lébìrà tí wọ́n kó láti Màléṣíà (ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Támílì), Bọ́mà àti erékùṣù Jáfà wà. Wọn kò ní dókítà, wọn kò ní olórí, ọ̀pọ̀ kò gbọ́ èdè ara wọn. Iye wọn tó kú, èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn fẹnu kò lé lórí, kò jìnnà sí 90,000. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni ètò ń ṣe fún ẹlẹ́wọ̀n, àárín àgọ́ méjèèjì yẹn ni kí ẹ lọ wò.

Ẹ sọ pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọmọ yín. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Abọ́ kan náà ni wọ́n ń bù fún gbogbo ènìyàn nínú àgọ́, bẹ́ẹ̀ ara ńlá ń béèrè oúnjẹ ju ara kékeré lọ. Ọkùnrin tó ga, tó ki, tó ń fi ara gbé nǹkan, òun lebi kọ́kọ́ ń bẹ́ lulẹ̀. Agbára iṣan wúlò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sí àgọ́, lẹ́yìn ìyẹn, gbèsè ni.

Àpẹẹrẹ kan wà tó jẹ́ tiwa pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ àgọ́. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ogun ní 1942, ọmọ ọdún 16 ni. Ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ, irú iṣẹ́ tèmi. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Japan ba dè wọ́n létí odò Kaladan ní Bọ́mà. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ọta mìíràn bà á níkùn. Àwọn tó yìn ín rí i pé kò lè rìn, wọ́n fi í sílẹ̀ kó kú. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ló ṣẹ́ kù láàyè nínú àwọn tó fara pa tí wọ́n fi síbẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lẹ́yìn àwọn ọ̀tá. Àwọn Mùsùlùmí abúlé kan ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, ìdílé kan sì gbà wọ́n sínú ilé, tó jẹ́ pé bí àwọn ará Japan bá mọ̀, gbogbo agboolé ni wọn ì bá pa. Ní òpin 1944 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó tiro títí ó fi kú ní 2012. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ ọdún 18, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọ́, kò lè sá, kò lè jà. Ẹnì kejì tó lè rìn díẹ̀, àti àwọn àjèjì tó láàánú, ni wọ́n gbà á là. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún mi nípa akin.

Ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yìí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ yín. Nígbà ogun Kòríà, ó lé ní 7,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n mú, ó lé ní 2,700 tó kú, ọ̀pọ̀ wọn nínú òtútù àkọ́kọ́ láàárín 1950 sí 1951. Àwọn tó bọ̀ sọ nípa nǹkan kan tí wọ́n rí léraléra. Ọ̀dọ́kùnrin kan á kọ oúnjẹ, á yí padà sí ògiri, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ọjọ́ méjì, ó ti kú. Kò sí egbò lára rẹ̀. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á fi tipátipá gbé e dìde, wọ́n á mú un rìn, wọ́n á bú u, wọ́n á bú ìyá rẹ̀, títí inú á fi bí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa fẹ́ jà. Bí ó bá ti bínú, ó ti yè. Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, mo ní ìfura temi: ebi àti àìsàn fúnra wọn máa ń jẹ́ kí ọpọlọ ṣe báyìí, mi ò sì rò pé ìbànújẹ́ nìkan ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà dára síbẹ̀. Ẹni tó wà láìlẹ́nìkan, ta ni yóò bú u dìde?

Àlùfáà kan wà láàárín wọn, Emil Kapaun láti Kansas. Ó ń jí oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣàìsàn, ó ń fi páànù òrùlé tó bàjẹ́ lu ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi, ó ń fọ aṣọ àwọn tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń ṣe, ó ń bá wọn ṣa iná, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀, kúrò lára. Àdúrà wà lẹ́nu rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ó kú sínú àgọ́ náà ní oṣù Karùn-ún 1951, ẹni ọdún 35. Gbogbo ohun tí mo sọ fún yín pé ó ń gbani là, ó ṣe é, ó sì kú. Àwọn tó fọ aṣọ fún ló wá sọ ìtàn rẹ̀.

Mi ò ní bá pásítọ̀ yín jiyàn lórí àdúrà. Ọjọ́ ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ yọ kúrò. James Stockdale, ọ̀gá ológun ojú omi Amẹ́ríkà tó lò ju ọdún méje lọ lọ́wọ́ àwọn ará Vietnam, sọ lẹ́yìn tó dé pé àwọn tó ń dá ọjọ́ ni kò là á já: wọ́n á ní Kérésì la ó dé ilé, Kérésì á kọjá, wọ́n á ní Ọdún Àjíǹde, ìyẹn náà á kọjá, títí ọkàn wọn á fi já. Òun gbà pé òun yóò dé ilé, kò sì dá ọjọ́. Ohun tí ọkùnrin kan rí lójú ara rẹ̀ ni, kì í ṣe ìwádìí tí wọ́n fi ìwọ̀n wọ̀n. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù mu: aláìsàn tí wọ́n ṣèlérí fún pé ọjọ́ Jímọ̀ ló ń lọ sílé, ẹ wá wò ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nínú ẹ̀wọ̀n tí Stockdale wà ní Hanoi, olú ìlú Vietnam, wọ́n ń fi àwọn ènìyàn sí yàrá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ síra wọn. Ní 1965, ọ̀kan nínú wọn, Carlyle Harris, rántí ọgbọ́n kan tó ti gbọ́ rí, ó fi kọ́ àwọn tó kù. Wọ́n tò lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí ìlà márùn-ún, lẹ́tà márùn-ún nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n yọ K kúrò kó lè jẹ́ 25, C ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á kan ògiri iye ìgbà tó jẹ́ ti ìlà, á sinmi, á tún kàn án iye ìgbà tó jẹ́ ti lẹ́tà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kíra wọn, tí wọ́n ń dá ara wọn lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń sọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ fúnra wọn kó má baà sí ẹni tí wọ́n máa sọ pé kò wá síbẹ̀ rí. Lálẹ́, wọ́n á fi ògiri gbàdúrà fúnra wọn kí wọ́n tó sùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan mú inú ara mi dùn: lẹ́tà Yorùbá, 25 gééré ni. A kò ní láti yọ ọ̀kankan. Mo ti tò ó wò, a b d e ẹ ní ìlà kìíní, f g gb h i ní ìkejì, j k l m n ní ìkẹta, o ọ p r s ní ìkẹrin, ṣ t u w y ní ìkarùn-ún. "Ọmọ" á jẹ́ mẹ́rin àti méjì, mẹ́ta àti mẹ́rin, mẹ́rin àti méjì. Ohùn nìkan ni kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri yóò fún un lóhùn.

Nípa ìbéèrè tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín: bí wọ́n bá dá a lóró ńkọ́, ṣé kó sọ̀rọ̀ tàbí kó pa ẹnu mọ́? Àwọn ọ̀gá tó le jù ní Hanoi, tí wọ́n wọlé pẹ̀lú ìpinnu pé orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ni, wọ́n padà jẹ́wọ́ pé kò sí ẹni tí okùn tí wọ́n fi ń dá wọn lóró kò ṣẹ́. Òfin tí wọ́n wá ṣe fúnra wọn ni pé kí olúkúlùkù dúró ibi tí agbára rẹ̀ dé, bí ó bá ti ṣẹ́, kó sọ ohun tó kéré jù, tó jẹ́ irọ́ tàbí tí kò wúlò, kó padà sí yàrá, kó kan ògiri, kó sọ fún ẹnì kejì pé òun ti ṣẹ́. Ẹnì kejì á ní kò burú, èmi náà ti ṣẹ́ lánàá. Ìtìjú tí ẹnì kan dá gbé nínú ló ń ba ayé rẹ̀ jẹ́. Kò sí ohun tí ọmọ yín lè sọ lábẹ́ ìyà tó yẹ kó tì í lójú níwájú yín, ẹ lè sọ ìyẹn fún un láti òní.

Ìpadàbọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ní 1973, ọkùnrin 591 bọ̀ láti Vietnam, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì fi ijó pàdé wọn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá máa ń fẹ́ gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ kalẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ara tí ebi ti pa fún oṣù púpọ̀, bí ẹ bá rọ oúnjẹ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á dàrú, ọkàn lè dúró. Ní 1945, àwọn kan là á já títí àgọ́ fi ṣí, wọ́n wá kú sídìí àsè. Díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà, ṣíbí ògì kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn kan lára àwọn tó bọ̀ láti Bọ́mà, wọ́n rí aràn kan nínú ara wọn lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún 30, aràn tó ti gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé nínú ẹrẹ̀ ojú irin. Nítorí náà, ẹni tó bá ti wà nígbèkùn gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo dókítà tó bá rí i, títí ọjọ́ ogbó, ibi tó ti wà. Ọ̀kan lára àwọn tí mo tọ́jú máa ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyàwó rẹ̀ ń bínú, èkúté ń wá. Mo ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀, kó máa fi tuntun rọ́pò ti àná. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó sọ fún mi pé ó ti ṣíwọ́ fúnra rẹ̀. Àlá rẹ̀ kò tíì ṣíwọ́.

Kí wá ni kí ẹ sọ fún ọmọ yín? Ẹ má sọ ìdajì ohun tí mo kọ síbí fún un. Ó ti kọ́ ọ tàbí yóò kọ́ ọ, ohùn ìyá rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí fóònù kò ní ràn án lọ́wọ́. Ẹ jáwọ́ nínú wíwo fídíò. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín gan-an, ẹ sì ti sọ ọ́ fún mi láìmọ̀. Nínú ìwé tó kọ nígbà tó wọṣẹ́, wọ́n bi í léèrè ẹni tí àwọn yóò kàn sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti ibi tí ẹni náà ń gbé. Oṣù méje sẹ́yìn nìyẹn. Ẹ pè é lónìí, ẹ ní kó lọ yọ Mọ́kọ́lá kúrò níbẹ̀, kó fi Akóbọ̀ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí ẹ ń lò báyìí.